Títi ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ọkàn tí Mọ́mì wọ̀ sára, láì ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà sóde

Ọkàn ìyá wa kì í lù déédéé. Dókítà ní kí wọ́n máa wọ aago tó ń ka ìlù ọkàn, kí wọ́n sì ní ẹ̀rọ ECG kékeré kan (ECG ni àwòrán bí iná ṣe ń rìn nínú ọkàn) tí wọ́n á máa fi ìka lé láàárọ̀ àti lálẹ́, èyí tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester ló ra méjèèjì ránṣẹ́. Fóònù ni a rà n'Íbàdàn, tòkunbọ̀, ọmọ tó tà á fún wa ló sì bá Mọ́mì ṣí Gmail nínú ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló fi gba kóòdù, ẹ̀yìn rìsíìtì ló kọ páásíwọ́ọ̀dù sí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù bọ́ sómi. Rìsíìtì ti sọnù, ọmọ náà ti kó lọ sí Èkó. Gbogbo ohun tí ọkàn ìyá wa ti ń sọ láti oṣù mẹ́ta wà nínú àkáǹtì tí a kò lè ṣí, ẹni kan ṣoṣo tó sì lè ṣí i ni ọmọ tó ń ta fóònù.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé bí a bá ti dárúkọ ààbò ẹ̀rọ ọkàn, ọ̀daràn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní òru ló máa ń wá síni lọ́kàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tèmi, ibi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni àkáǹtì, fóònù, àti ẹbí tó fẹ́ràn WhatsApp. Ohun kejì tí mo kọ́ ni pé ilẹ̀kùn yìí kò dà bí ti báǹkì. Ó gbọ́dọ̀ ṣí wéré fún ẹni tó wá gba ẹ̀mí là, pàápàá ní ọjọ́ tí ẹni tó ni ẹ̀rọ kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lára

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìlù ọkàn kò rí bákan náà, ohun tí ẹ lè ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì dọ́gba.

Bẹ́líìtì àyà tí àwọn tó ń sáré ń dè ló ń pariwo jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ojú ọ̀nà kan tí Bluetooth yà sọ́tọ̀ fún ìlù ọkàn, 0x180D ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Lójú ọ̀nà yẹn, ẹ̀rọ ń kéde iye ìgbà tí ọkàn ń lù fún áàpù èyíkéyìí tó bá wà nítòsí tó sì béèrè. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, kí ẹ̀rọ ìsáré ní jíìmù lè kà á láìsí wàhálà. Kò burú fún eléré ìdárayá. Fún aláìsàn tí kò fẹ́ kí ará ilé kejì mọ bí ọkàn òun ṣe ń lù, ẹ má fi í ṣe ẹ̀rọ ìtọ́jú.

Aago àti ẹ̀rọ ECG onífóònù ni ẹ̀ka kejì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ fún wa. Apple Watch ti ń ya ECG láti orí Series 4 tó jáde ní 2018, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Pátákó tí dókítà ń lẹ̀ mọ́ àyà fún ọjọ́ mélòó kan náà wà. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé inú ara rẹ̀ ló ń kó nǹkan pamọ́ sí, àbí ó ń fi ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́?" Àwọn kan kì í fi ohunkóhun ránṣẹ́ títí ẹ ó fi dá wọn padà, kò sí ilẹ̀kùn tí ẹ ó tì lórí irú wọn, àfi kí ẹ má sọ wọ́n nù.

Ẹ̀ka kẹta ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn fúnra wọn: pacemaker tó ń rán ọkàn létí pé kó lù, ICD tó ń fi iná ta ọkàn padà sípò, àti LifeVest, ẹ̀wù tí a ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ ICD láìsí iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó ṣètò ìwọ̀nyí. Kílíníìkì ni. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ mọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn, kí ẹ má sì yọ iná lára ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń gba ìròyìn láti ara wọn. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń yọ ọ́ lálẹ́ kí inverter lè gbé fáànù di àárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fóònù, kí ẹ tó so nǹkan mọ́ ọn

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wọ "Settings", ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Factory reset" sí, kí ẹ nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá tàn padà tó sì ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má jẹ́ kó bá yín "já a". Ẹ wo ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní àtúnṣe ààbò (security update) gbẹ̀yìn; bí ó bá ti lé ní ọdún kan, tí òmíràn kò sì yọjú lẹ́yìn tí ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń wá a, fóònù yẹn ṣì dára fún ìpè àti fún orin, ṣùgbọ́n ẹ wá òmíràn fún ọkàn.

Ẹ ṣí Gmail tàbí Apple ID tuntun ní orúkọ ẹni tó wọ ẹ̀rọ, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tẹ páásíwọ́ọ̀dù, bí ó tilẹ̀ gba wákàtí kan.

Ti ìka lára fóònù, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Mọ́mì ti fi ogójì ọdún gún iyán, wọ́n ti fi fọṣọ, ìlà ìka wọn ti pa. Fóònù kì í dá wọn mọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà lẹ́ẹ̀kan. Píìnì oní-nọ́ńbà 6 la fi sí i nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe ọdún ìbí wọn, kì í sì í ṣe ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí, torí gbogbo àdúgbò ló mọ méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: síso ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ fóònù

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù.

Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, a máa ń béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ó ní, "Èmi ni," a sì ṣí i. A kò tíì mọ ẹni tó jẹ́ o, ohùn la gbọ́. Bluetooth ní ọ̀nà ìsopọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Just Works, "Èmi ni" yìí gan-an ló sì ń ṣe. Ẹ̀rọ tí kò ní ojú tí nọ́ńbà lè hàn lórí rẹ̀ ló sábà máa ń lò ó, bíi pátákó ECG. Àwọn tó lójú, bí aago, máa ń fi nọ́ńbà 6 hàn lójú ara wọn àti lójú fóònù pé kí ẹ wò ó bóyá wọ́n bára mu. Ìyẹn ni ẹni tó dáhùn pé, "Èmi ọmọ Ìyá Ràbí tó ń gbé lókè ibí." Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan ẹ̀rọ, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì ka nọ́ńbà náà tán kí ẹ tó tẹ "OK". Àwọn èèyàn ń tẹ ẹ́ láì wò ó.

Lẹ́yìn ìsopọ̀, ẹnà ni àwọn méjèèjì ń fọ̀ síra wọn. Ẹ rántí ẹnà tí a máa ń fọ̀ nílé ẹ̀kọ́: ẹni tó ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á rò pé ọ̀rọ̀ ìyanu ni, ṣùgbọ́n bí ó bá wà níbẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ ẹnìkejì bí a ṣe ń ki ọ̀rọ̀ bọ àárín ọ̀rọ̀, ó parí, gbogbo ohun tí a bá sọ láti ìgbà náà ni yóò yé e. Bí Bluetooth àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá wà nítòsí ní ìṣẹ́jú tí ẹ ń so ẹ̀rọ pọ̀ lè mú kọ́kọ́rọ́ ẹnà náà. Bluetooth 4.2 tó jáde ní 2014 mú ọ̀nà tuntun wá, nínú èyí tí ẹ̀rọ méjèèjì ń jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ tí ẹni tó ń fetí kọ́ kò lè dá ṣe, kódà bí ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ síra wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró sáàárín tó ń pe ara rẹ̀ ní fóònù yín, "Èmi ni" lásán kò lè tú àṣírí rẹ̀. Nọ́ńbà 6 yẹn ló ń tú u.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti so ó pọ̀. Ẹ má ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù tí ogójì èèyàn jókòó sí. Ohùn irú àwọn ẹ̀rọ kékeré yìí sábà ń dé nǹkan bíi mítà 10, ògiri ò sì dí i tán. Inú áàpù ẹ̀rọ náà gan-an ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì rí i pé Google Play tàbí App Store lẹ ti gba áàpù, kì í ṣe fáìlì tí ẹnìkan fi ránṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ṣí àkójọ ohun tó so mọ́ Bluetooth fóònù yẹn, ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ kò mọ̀ kúrò. A bá rédíò mọ́tò ẹnìkan lórí ti Mọ́mì, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni mọ́tò náà títí dòní.

Lọ́jọ́ iwájú, bí ojú fóònù bá ṣàdédé béèrè pé ṣé kí òun so mọ́ ẹ̀rọ kan, nígbà tí ẹ kò fọwọ́ kan nǹkan, ẹ kọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àkáǹtì, àti ẹni tí kóòdù ń lọ bá

Ohun tí ẹ̀rọ bá gbọ́ kì í dúró sínú fóònù. Ó ń lọ sí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ibẹ̀ sì ni ọmọ tó wà lókè òkun ti ń rí i. Ẹni tó bá ní páásíwọ́ọ̀dù kò nílò Bluetooth kankan, ó lè wà ní Jámánì kó máa ka ọkàn ìyá yín.

Ẹ fún áàpù ní páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ kò lò níbòmíràn. Gbólóhùn gígùn ló dára jù, irú èyí tí Mọ́mì lè rántí: orúkọ oúnjẹ mẹ́rin tí kò bára wọn tan, láìsí àmì ohùn. Ẹ tan ìfìdímúlẹ̀ onígbésẹ̀ méjì, kí áàpù máa béèrè kóòdù lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ ronú dáadáa nípa nọ́ńbà tí kóòdù yóò máa lọ bá. Síìmù tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ lè gbà á kó sì tà á fún ẹlòmíràn, kóòdù ọkàn yín á wá máa dún lórí fóònù àjèjì. Bí áàpù bá gbà yín láyè láti lo áàpù tó ń ṣe kóòdù fúnra rẹ̀, ẹ lo ìyẹn. Wọn yóò fún yín ní àwọn kóòdù ìgbà ìṣòro; ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ fi sínú Bíbélì tàbí Kùránì tí ẹnikẹ́ni kì í gbé jáde. Ẹ̀rín ni fún àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọmọ Yahoo tó wà ní Lẹkkí kò lè rí ìwé tó wà ní yàrá Mọ́mì ní Ìbàdàn.

Ẹ má pín páásíwọ́ọ̀dù Mọ́mì láàárín àwọn ọmọ mẹ́rin. Àwọn áàpù tó dára ní ibi tí ẹ ti lè pe ẹlòmíràn wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ti Apple ti ní irú rẹ̀ nínú áàpù Health láti 2021. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè yọ ẹnìkan láì yọ gbogbo ilé. Ọmọbìnrin tó ń bá Mọ́mì ṣiṣẹ́ ilé fi wá sílẹ̀ ní Oṣù Kejìlá, ó dìgbà tí a wọlé ní Oṣù Kẹta kí a tó rí i pé ó ṣì lè rí ECG. Kò ṣe nǹkan burúkú kankan. Àwa la gbàgbé.

WhatsApp

Mi ò pe èyí ní ìgbésẹ̀, ẹjọ́ ni mo ń rò. Àwa tí a ṣe gbogbo wàhálà òkè yìí la gbé àwòrán ECG Mọ́mì sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ ìbí, àti àkọlé tó sọ pé ọkàn wọn ń lù ségesège. Èèyàn 43 ló wà níbẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó pásítọ̀ kan tí a kò mọ̀ rí ti pe Mọ́mì pé òun ní àgbo.

Nínú òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023, ìròyìn ìlera wà lára ohun tí wọ́n ní kí a ṣọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ lè bi ọsibítù àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ léèrè ohun tí wọ́n ní nípa yín àti ẹni tí wọ́n fi hàn. Kò sí òfin tó máa gba ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ránṣẹ́ padà. Bí dókítà bá ní kí ẹ fi ECG ránṣẹ́, òun nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, láti inú áàpù bó bá ṣe é ṣe. Bí kò bá ṣe é ṣe, ẹ gé orúkọ kúrò lórí àwòrán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wi-Fi, ní kúkúrú

Ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tó bá ráútà wá láti ilé iṣẹ́, àti ti Wi-Fi àti ti inú ráútà fúnra rẹ̀. Níbi tí ráútà ti ń béèrè irú ẹnà tí Wi-Fi yóò máa fọ̀, ẹ yan WPA2 tàbí WPA3. Ẹ jẹ́ kí àlejò máa lo ọ̀nà àlejò (Guest network). Ó tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àtúnṣe, àti ìdí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ sá fún un

Ní 2008, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Kevin Fu wà lára wọn, gbé ICD kan sínú yàrá ìwádìí, kò sí lára ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ rédíò bá a sọ̀rọ̀ láti ibi tó sún mọ́ ọn gan-an, wọ́n ka orúkọ aláìsàn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pàṣẹ fún un kó fi iná jáde. Kò béèrè "Ta nìyẹn?" rárá. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni dókítà tó ń tọ́jú Dick Cheney, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ti ní kí wọ́n pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi sí i lára, nítorí irú ẹ̀rù yìí. Ọdún 2013 ni aráyé tó gbọ́.

Ní Oṣù Kẹjọ 2017, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, kéde àtúnṣe fún pacemaker ilé iṣẹ́ Abbott tó tó 465,000 nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ti ń jẹ́ St. Jude Medical tẹ́lẹ̀. A kò lè ṣe àtúnṣe náà nílé. Ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ní kí aláìsàn lọ, ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ẹ̀rọ á máa fi ìlù 67 ní ìṣẹ́jú kan gbé ọkàn ró. Ní 2019, ó kan ti Medtronic, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ICD: ọ̀nà rédíò tí wọ́n ń pè ní Conexus kò fọ ẹnà, kò sì béèrè ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà méjèèjì, FDA ní òun kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fara pa nípa rẹ̀. Ìmọ̀ràn wọn ní 2019 yẹ kí ẹ rántí: wọ́n ní kí aláìsàn má yọ ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé àǹfààní kí dókítà máa rí ọkàn láti òkèèrè ju ewu náà lọ.

Nítorí náà, ẹ tan àtúnṣe àfúnraṣe fún fóònù àti áàpù. Fún aago àti ẹ̀rọ ECG, ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù, nígbà tí iná wà, kí bátìrì kún, kí ẹ ṣe é lójú yín. Ti ohun tó wà nínú ara, ẹ bi kílíníìkì nígbà tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àtúnṣe wà fún nọ́ńbà ẹ̀rọ yìí?" Bí ẹnìkan bá pè lórí fóònù pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkàn lòun ti ń pè, kí ẹ ka kóòdù fún òun, ẹ pa ìpè náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ilẹ̀kùn dókítà

Ẹ wo ìdí tí ICD 2008 yẹn kò fi béèrè nǹkan kan. Bí aláìsàn bá ṣubú ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, dókítà tí kò rí i rí gbọ́dọ̀ lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù wo ni ẹni tó dákú máa sọ? Ọgbọ́n kan tí àwọn olùwádìí gbé jáde ní 2013, Heart-to-Heart ni wọ́n pè é, wù mí púpọ̀: ẹ̀rọ dókítà gbọ́dọ̀ fara kan awọ aláìsàn, kó ka ìlù ọkàn ní àkókò kan náà tí ẹ̀rọ inú ara ń kà á. Bí kíkà méjèèjì bá bára mu, ilẹ̀kùn ṣí. Àyè kékeré tó wà láàárín ìlù kan àti èkejì ń yí padà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìlù àná kò lè ṣí ilẹ̀kùn òní, ẹni tó wà ní ìta géètì kò sì lè fọwọ́ kan awọ.

A kò ní irú ilẹ̀kùn yẹn lórí fóònù Mọ́mì, ohun tí a ṣe rọrùn jù bẹ́ẹ̀. A kọ orúkọ àìsàn, oògùn tí wọ́n ń lò, ohun tí ara wọn kò gbà, àti nọ́ńbà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí ibi ìròyìn pàjáwìrì tí fóònù ń fi hàn láì béèrè píìnì. A tún kọ ọ́ sórí káàdì líle, a fi sínú pọ́ọ̀sì wọn, nítorí fóònù lè kú. Ẹni tó ní pacemaker tàbí ICD, kí orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ kílíníìkì wà lórí káàdì náà. Kó sì jẹ́ kí fóònù àti aago jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì inú wọn.

Bí àyà bá ń dun ẹnìkan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí èémí kò délẹ̀, ọsibítù lẹ ń lọ, ohun yòówù kí aago wí. Aago kò lè sọ fún yín bóyá ìkọlù ọkàn (heart attack) ni tàbí kì í ṣe òun. Ẹ má dúró kọ́kọ́ tún Bluetooth so.

Ìdánwò ọjọ́ Sátidé

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ dán an wò nígbà tí kò sí wàhálà. A pa fóònù Mọ́mì. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti Manchester pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ó rí ECG àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 gbé fóònù tí a ti tì, kó sọ fún mi oògùn tí Mọ́mì ń lò. Ó rí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo wá ní kí Mọ́mì fúnra wọn ṣí áàpù bí ẹni pé fóònù tuntun ni. Wọ́n rántí oúnjẹ mẹ́ta, ìkẹrin sá lọ. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú Bíbélì, wọ́n ṣí i, ìwé kò sí níbẹ̀. Inú Bíbélì kejì ló wà, èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.